Òǹtẹ̀ Ọ̀gá Kamewada

Kí n tó sọ bí Ọ̀gá Kamewada ṣe já bọ́, ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ bí ó ṣe ga tó. Kò ga. Ọkùnrin kúkúrú oníkùn ni, irun orí rẹ̀ kò ju ogójì fọ́nrán lọ, ó sì máa ń fi òróró lẹ̀ wọ́n mọ́ àtàrí láràárọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ilé Ìwalẹ̀pìtàn ìlú Urazato, níbi tí wọ́n ń kó gbogbo ohun tí wọ́n bá hú jáde nínú ilẹ̀ ìpínlẹ̀ náà sí, òun ni ọ̀gá àgbà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ga jù ú lọ. Awakọ̀ ilé iṣẹ́ náà, tó gùn bí òpó iná, ti kọ́ bí a ṣe ń tẹ orúnkún díẹ̀ tó bá ń bá a sọ̀rọ̀.

Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n ti gbé e wá. Láyé rẹ̀, kò hú àpáàdì kan ṣoṣo rí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, wọ́n fi ìkòkò kan tó ti lo ẹgbẹ̀rún méjì ọdún nínú ilẹ̀ hàn án. Ó wò ó títí, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ kò tíì ra tuntun?" Hirukawa, igbákejì rẹ̀, pàtẹ́wọ́. Ó ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ọjọ́ iwájú ni ọ̀gá àwọn ń rò.

Obìnrin tó gbé ìkòkò náà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ni Nezu Fumie, ẹni àádọ́ta ọdún, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Kò pàtẹ́wọ́. Ó rọra gbé ìkòkò náà padà sínú àpótí rẹ̀, ó fi òwú yí i ká, ó sì bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé kó má bínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àkọsílẹ̀ jẹ́ fún irú àwọn èèyàn báwọ̀nyí. Ibi tí awalẹ̀pìtàn bá ti gbẹ́, kò sí mọ́. Wọ́n á ṣí ilẹ̀ náà ní ìpele ìpele, wọ́n á wọn ohun tí wọ́n bá rí, wọ́n á yà á, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń ṣe títì á da ọ̀dà lé e. Ohun tó kù ni ìwọ̀n àti àwòrán. Nígbà tí Fumie bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ibi kan ní etí ìlú Urazato, tí wọ́n ń pè ní Sunabara, ni wọ́n kọ́kọ́ rán an lọ. Òun ló di ẹnu téèpù mú ní ojú ihò ọ̀ọ́dúnrún àti méjìlá, tó ń wọn iyanrìn funfun kan tí òkun gbé wá dà síbẹ̀ láyé àtijọ́, lọ́jọ́ tí omi ru wọ ilẹ̀ tó gbé gbogbo abúlé lọ. Iyanrìn náà ṣì wà lábẹ́ títì ọlọ́nà mẹ́rin báyìí. Ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà Fumie, pẹ̀lú ti ibòmíràn méjìlélọ́gọ́rin.

Ní ìgbà òtútù tó kọjá, Ìyá Oribe wá bá a. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin yìí ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ìlú náà, kò sì sí àgbàlagbà kan ní Urazato tí kì í ṣe òun ló kọ́ ọ bí a ṣe ń fọn imú.

"Fumie, jókòó, ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa tuntun. Ìgbìmọ̀ ìlú ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin làwọn fẹ́. Èmi ní kí wọ́n gbé e lọ sórí òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tíì. Wọ́n ní ẹ̀rù arúgbó ló ń bà mí. Ìwọ tó gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀, níbo ni òkun dé nígbà náà?"

"Ìyá, ó wà nínú ìwọ̀n Sunabara. Tí wọ́n bá kó o sórí àwòrán ilẹ̀, ọmọdé á rí i."

"Kó o fún mi nígbà náà."

"Ọ̀gá ò gbà. Wọ́n ní ohunkóhun ò gbọdọ̀ jáde títí Gómìnà á fi ṣí àká wa."

Àká tó ń sọ yìí wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fẹ́ kó àkọsílẹ̀ gbogbo ibi mẹ́tàlélọ́gọ́rin náà sínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni, níbikíbi, lè ṣí i, kó wá ohun tó ń wá, kó sì lò ó. Fumie ló dábàá rẹ̀, ọdún mẹ́fà ló fi tò ó. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ni wọ́n máa ṣí i, ọjọ́ kejìlá ni ìgbìmọ̀ ìlú máa yan ilẹ̀. Ìyá Oribe ka ọjọ́ méjèèjì lórí ìka, ó ní ó tó. Bí ó bá jẹ́ ọ̀gá mìíràn ni, ì bá tó lóòótọ́.

Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni nǹkan yí padà. Gbogbo òṣìṣẹ́ ti tò bí wọ́n ṣe máa ń tò, Kamewada sì ti gun orí àpótí àpáàdì tó fi máa ń ṣe pèpéle.

"Ẹ̀yin èèyàn mi!" Èèyàn méjìlá péré ni wọ́n. "Lálẹ́ àná mo ṣàṣàrò. Mo bi ara mi pé, 'Kamewada, ohun tí ò ní òǹtẹ̀ lára, ta ni bàbá rẹ̀?' Ẹ dá mi lóhùn!"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, nítorí wọn kò mọ̀ bóyá ó fẹ́ kí wọ́n dáhùn.

"Kò ní bàbá! Ṣé ẹ fẹ́ ká kó àkọsílẹ̀ àwọn baba ńlá wa sójú ayé láìní òǹtẹ̀, bí ìwé ìpolówó ọjà tí wọ́n ń há sẹ́nu ilẹ̀kùn? Láti òní lọ, ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà. Èmi fúnra mi á lu òǹtẹ̀ sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ní àárín gbùngbùn. Lẹ́yìn náà ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kó wá wọ inú àká."

Hirukawa fi aṣọ ìnujú nu ojú rẹ̀. Ó ní omi ò ṣe é dá dúró lójú òun.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ bí òǹtẹ̀ ṣe rí lọ́wọ́ àwọn èèyàn yìí, ẹ fetí sílẹ̀. Olúkúlùkù ló ní tirẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí. Ìwé á gbéra lọ́dọ̀ ẹni tó kéré jù, ẹni yẹn á lu tirẹ̀, á gbé e fún ẹni tó jù ú lọ, títí á fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ní ilé iṣẹ́ náà, kí Kamewada tó dé pàápàá, ọmọ abẹ́ gbọ́dọ̀ lu tirẹ̀ ní gbígbè sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kó lè dà bíi pé orúkọ náà ń tẹrí ba fún orúkọ ọ̀gá. Fumie ti ń gbè é fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Tirẹ̀ kò ju orí ìka lọ. Ti Kamewada jẹ́ ìwo ẹfọ̀n dúdú, onígun mẹ́rin, ó fẹ̀ tó àkàrà ẹlẹ́wà pupa tí wọ́n ń fi mu tíì.

"Ọ̀gá," ni Fumie wí, ó tẹrí ba, "ẹ jọ̀ọ́. Tó bá di fọ́tò, kọ̀ǹpútà ò lè wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́. Àwọn ìwọ̀n náà, àárín ìwé ni wọ́n wà."

"Nezu, ta ni í wá nọ́ńbà wò? Àṣẹ ni wọ́n máa wá wò!"

"Àṣẹ ni o!" Hirukawa gbè é lẹ́sẹ̀.

Bí iṣẹ́ òǹtẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta ojú ìwé! Kamewada ká apá àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ sókè, ó ń lù ú láti àárọ̀ títí wọ́n fi máa gbé ìrẹsì ọ̀sán wá, ilé ń mì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú. Ó fi báńdéèjì wé e, inú rẹ̀ wá dùn sí i, torí báyìí ó di ẹni tí wọ́n ń kí. Hirukawa ń ka ìròyìn ọrùn ọwọ́ náà fún àwọn òṣìṣẹ́ láràárọ̀. "Ọrùn ọwọ́ ọ̀gá sùn dáadáa lánàá. Wíwú rẹ̀ ti fà díẹ̀ lápá ìta. Ọ̀gá ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín." Gbogbo wọn á tẹrí ba fún ọwọ́.

Kí àwọn fọ́tò má bàa gba àyè púpọ̀, dúdú àti funfun ni Hirukawa fi ń yà wọ́n. Òǹtẹ̀ tó pupa lórí bébà wá di igun mẹ́rin dúdú lórí kọ̀ǹpútà, ó bo àárín ìwé pátápátá. Fumie tẹ̀ ẹ́ jáde, ó gbé e lọ fi han ọ̀gá. Kamewada tẹjú mọ́ ọn.

"Ó dúró dáadáa," ló sọ.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló ba ọkàn Fumie jẹ́. Kamewada tún ṣàṣàrò. Ó ní bí àwọn ìwé olóǹtẹ̀ bá ti wà, àwọn tí kò lóǹtẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà ti di ọmọ àlè, òtítọ́ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ méjì. Kí wọ́n pa wọ́n rẹ́. Ọjọ́ Sátidé, tí Fumie kò sí níbi iṣẹ́, Hirukawa pa ti ibi mọ́kànlélógójì tí ọ̀gá ti lu òǹtẹ̀ sí tán rẹ́, pẹ̀lú àwọn ẹ̀dà tí Fumie tọ́jú sínú àpótí irin. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Fumie ṣí kọ̀ǹpútà, ó wá wọn kò rí wọn. Ó lọ sí ilé ìkẹ́rùsí, ó jókòó sáàárín àwọn àpótí, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n kéde òkú fún. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ wọ̀nyẹn pẹ̀lú rẹ̀, àwọn mìíràn ti kú.

Nígbà tó sunkún tán, ó fa bébà olóǹtẹ̀ kan yọ nínú òkìtì, ó gbé e sójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn là á kọjá. Ó rí i pé tí èèyàn bá ní sùúrù, tó sì fi awò sójú, nọ́ńbà náà ṣì hàn díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ pupa. Ojú ìwé kan gbà á ní ìṣẹ́jú méjìlá. Ó ka òkìtì náà lójú, ó sì mọ̀ pé bí òun bá ń ṣe iṣẹ́ tòun lọ, ọdún tó kù kí òun fẹ̀yìn tì kò tó o.

Sunabara ṣì wà nínú àwọn méjìlélógójì tó kù. Hirukawa ti ń kọ ìwé àṣẹ tí wọ́n máa fi pa wọ́n rẹ́. Fumie náà jókòó, ó kọ ìwé tirẹ̀. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé: ÌBÉÈRÈ FÚN ÀṢẸ LÁTI FI Ẹ̀DÀ ÀKỌSÍLẸ̀ IBI MÉJÌLÉLÓGÓJÌ PAMỌ́ SÍNÚ ÀKÁ YUNIFÁSÍTÌ ÌPÍNLẸ̀ KEJÌ. Ó lu òǹtẹ̀ kékeré rẹ̀, ó gbè é sí òsì. Ìwé náà gba ọwọ́ àwọn yòókù, Hirukawa náà lu tirẹ̀ níbi tó ti ń sọ fún ẹnì kan lórí fóònù pé ọrùn ọwọ́ ọ̀gá ti ń sàn. Ó dé inú tíréè pupa tí wọ́n fi ń gbé ìwé wọlé fún ọ̀gá, ìwé ìsinmi lókè rẹ̀, ìwé àṣẹ ìparẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀.

Fumie gbé tíréè náà wọlé fúnra rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tó wà láàárín."

Kò sẹ́ni tó lè ní kò sọ fún un. Kamewada wo ojú rẹ̀ bíi pé ó bú u.

"Kà? Nezu, akọ̀wé ló ń kàwé. Ọ̀gá ń pàṣẹ!" Gbì, gbì, gbì. Ó lù wọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀. Kí Hirukawa tó jókòó ti kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti pa wọ́n rẹ́, Fumie ti fi ohun gbogbo ránṣẹ́ sí yunifásítì, wọ́n sì ti dá a lóhùn pé ó pé.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin pé. Gómìnà wá, ó gé rìbọ́n. Kamewada gun àpótí rẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ pupa bò ó. Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ òkun, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ òkè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn baba ńlá tí wọ́n fọ́ ìkòkò wọn kí àwa lè rí iṣẹ́ ṣe. Ó gbé ọwọ́ oníbáńdéèjì sókè, ó ní ọwọ́ yìí ló tẹ ìtàn ìpínlẹ̀ náà ní ojú ìwé ọ̀kẹ́ mẹ́ta. Gómìnà ti ń sùn.

"Ẹnì kan ha wà tó fẹ́ wá nǹkan nínú àká wa?" ni Kamewada bi wọ́n. Hirukawa ni wọ́n ti ṣètò pé kó béèrè fún àwòrán ọ̀gá. Ṣùgbọ́n Ìyá Oribe ti dìde.

"Sunabara. Mo fẹ́ mọ ibi tí iyanrìn òkun dé."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ojú aṣọ funfun ńlá tó wà níwájú kọ ọ́ pé: kò sí. Wọ́n tún un tẹ̀. Kò sí.

"Ẹ fi ojú wá a, ẹ má fi kọ̀ǹpútà wá a!" ni Kamewada pariwo. Hirukawa ṣí i ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, òógùn bò ó, títí ó fi kan Sunabara. Igun mẹ́rin dúdú yọ gànnàkù lójú aṣọ.

"Ojú ìwé kejì," ni Ìyá Oribe wí. Dúdú. "Ìkẹta." Dúdú. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, Gómìnà sì jí.

"Kí ni dúdú yìí?" ni Gómìnà bi í.

"Òǹtẹ̀ mi ni, Ọlọ́lá jùlọ!"

"Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Nọ́ńbà ni, Ọlọ́lá jùlọ."

"Ẹ gbé ojúlówó rẹ̀ wá nígbà náà."

"Mo ti pa á rẹ́, Ọlọ́lá jùlọ, kí òtítọ́ lè jẹ́ ọ̀kan!"

Ó ń retí àtẹ́wọ́. Hirukawa gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti pàtẹ́wọ́, ó wo ojú Gómìnà, ó sì fi wọ́n tún táì rẹ̀ ṣe.

"Kamewada," ni Ìyá Oribe wí, "ṣé ìwọ kọ́ ni mo ń nu imú fún? Àádọ́rùn-ún ọmọ ni wọ́n fẹ́ kó lọ sí ẹ̀yìn ibùdókọ̀. Ọ̀túnla ni wọ́n máa yan ilẹ̀. Òkun dé ibẹ̀ àbí kò débẹ̀?"

Fumie dìde nígbà náà.

"Ó débẹ̀, Ìyá. Ìwọ̀n rẹ̀ pé nínú àká yunifásítì ìpínlẹ̀ kejì. Èmi ni mo fi í ránṣẹ́."

"Olè!" Kamewada bẹ́ sílẹ̀ lórí àpótí. "Ó jí àwọn baba ńlá wa kó lọ! Ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá." Ó na ìwé náà sí Gómìnà. Òǹtẹ̀ kéékèèké ń tẹrí ba lórí rẹ̀, ti ìwo ẹfọ̀n sì dúró láàárín wọn, pupa fòò.

Ẹ ò bá rí bí ojú Kamewada ṣe tún mọ́lẹ̀. "Áà! Ìwé yẹn! Èmi ni mo fọwọ́ sí i o! Mo ti rí i tẹ́lẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, mo ní kí wọ́n fi ẹ̀dà pamọ́!"

Gómìnà fa ìwé àṣẹ ìparẹ́ yọ nínú fáìlì àwọn ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ náà tí wọ́n tò síwájú rẹ̀, ó tò wọ́n síra. "Ọjọ́ kan náà lẹ lu méjèèjì. Ọ̀kan ní kí wọ́n pa á mọ́, ọ̀kan ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ọ̀gá Kamewada, èwo lẹ kà nínú méjèèjì?"

Fọ́nrán irun kan já kúrò lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó rọ̀ sí iwájú orí Kamewada, kò sì ráyè dá a padà.

Fumie ṣí àká yunifásítì náà níṣojú wọn. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ojú ihò ọ̀ọ́dúnrún àti méjìlá ti tò sórí àwòrán ilẹ̀ Urazato. Iyanrìn náà kọjá ilẹ̀ pẹrẹsẹ ẹ̀yìn ibùdókọ̀, ó gùn tó ọ̀ọ́dúnrún mítà síwájú, ó sì dúró ní ẹsẹ̀ òkè oko tíì. Ìyá Oribe wò ó, ó jókòó, ó bú sẹ́kún. Lọ́jọ́ kejìlá, ìgbìmọ̀ ìlú gbé ilé ẹ̀kọ́ lọ sórí òkè, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ẹ̀rù arúgbó.

Ṣùgbọ́n kí Gómìnà tó lọ lọ́jọ́ náà, ó bi Fumie léèrè nípa àwọn mọ́kànlélógójì tí kò ní ẹ̀dà. Fumie ní bébà wọn wà, ẹnì kan ní láti máa gbé wọn sójú fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa ka nọ́ńbà lábẹ́ òǹtẹ̀, kó sì máa tẹ̀ ẹ́ padà sínú kọ̀ǹpútà. Ó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ojú ìwé. Gómìnà wo Kamewada láti òkè dé ilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Kamewada ti gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti tán nílẹ̀. Ó ti padà sórí àpótí rẹ̀, ó sì ti yà á lẹ́nu díẹ̀ pé Hirukawa kò ka ìròyìn ọrùn ọwọ́ mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Fumie gbé tíréè pupa wọlé.

"Ọ̀gá, láti ọ́fíìsì Gómìnà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á."

"Nezu, ìwọ ò kẹ́kọ̀ọ́!" Ó gbé ìwo ẹfọ̀n sókè. Gbì!

Ibi tó ti ń nu òǹtẹ̀ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí ìwé náà. Àwọn òǹtẹ̀ kéékèèké tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, méjìlá. Kò sí èyí tó gbè. Gbogbo wọn dúró ṣánṣán, ti Hirukawa ló tiẹ̀ nà jù. Ti Fumie ló ṣáájú.

"Kí lèyí? Ta ló kọ́ yín láti máa lù ú báyìí? Kí ló dé tí ẹ kò tẹrí ba?"

Kamewada fa ìwé náà mọ́ra, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti dé ilé iṣẹ́ náà. Ó kà á.

"'Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún, a mú Kamewada Toshimitsu kúrò nípò ọ̀gá àgbà. Iṣẹ́ rẹ̀ tuntun ni láti máa...'" Ohùn rẹ̀ já. Òǹtẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, ní àárín gbùngbùn, tútù, pupa. Ó fi ìka nù ún, ó wá fẹ̀ sí i. "Láti máa kí ni? Nezu! Kí ni wọ́n kọ síbí?"

Fumie gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì fi í lẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé.

"Ẹ wá dúró síbí, ọ̀gá, kẹ́ ẹ fi awò yín sójú. Tẹ́ ẹ bá ní sùúrù, ẹ máa rí i lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó ku ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ojú ìwé."